Orin Ọ̀gá Ìkẹyìn ní Williamsville

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú àfojúsọ́nà àwa tí a wà lájò. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kúnlẹ̀ kí Bàbá mi, mo kí Ìyá Àgbà tí wọ́n máa ka lẹ́tà yìí sí létí. Àlàáfíà ni Tàǹtí Mojí, àbúrò yín, wà. Èmi náà wà dáadáa. Òjò nìkan ló ń dà wá láàmú. Ní ọjà Adjamé, ní Abidjan níbí, náílọ́ọ̀nù la fi ń bo àwọn abọ́ rọ́bà tí à ń tà, àfi bí ẹni pé rọ́bà ń bẹ̀rù omi.

Ìyá Ṣọlá jíṣẹ́ tí ẹ rán an. Ó ní ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé láti ìgbà tí Sámú, ọmọ Tàǹtí, ti lọ kàwé ní Faransé, èmi àti ìyá rẹ̀ a máa ti ilẹ̀kùn mọ́rí lọ́jọ́ Ìsinmi, a máa jókòó ti géèmù ọmọdé. Òótọ́ ni, Ìyá mi. Ẹ gbọ́ tẹnu mi. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ẹgbẹ́ ìlú wa, kí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri náà lè gbọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, Sámú kì í bá mi sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Faransé ló fi ń dáhùn, Faransé tèmi kò sì ju kí n kí ènìyàn lọ. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń pè mí ní *la muette*, èyí ni odi. Ìyá rẹ̀ gan-an, Yorùbá ló fi ń pè é wá jẹun, Faransé ni òun fi ń sọ pé òun ti yó. Yàrá méjì ní àdúgbò Williamsville, ènìyàn mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kò sì pọ̀.

Àlòkù ni ẹ̀rọ géèmù yẹn, àdúgbò Treichville ni Sámú ti rà á. Ó ń so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin kan tó mú idà ló wà níbẹ̀, ó ń jà láti ilé olódi kan bọ́ sí òmíràn. Inú ilé ìdáná ni mo máa ń wà, n kì í rí i, àmọ́ mò ń gbọ́ orin rẹ̀. Orin àwọn ilé àkọ́kọ́ yára bí ẹnu ọmọkùnrin tó ń pe èrò sínú gbaka, ọkọ̀ akérò ibí. Ṣùgbọ́n tí ó bá dé ilẹ̀kùn tó gbẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Á dákẹ́ pátápátá. Ohùn kan tó rẹlẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀, á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, òmíràn á gùn ún lẹ́yìn, bí ẹni pé ọba ń jáde bọ̀ láti ìyẹ̀wù. Ọ̀gá ìkẹyìn nìyẹn, ọ̀tá tó gbẹ̀yìn tó sì le jù. Mo máa ń gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ kí n lè gbọ́ ọ.

Mo rò ó títí: kí ló dé tí orin ọ̀tá fi dùn ju orin ẹni tó ń bá a jà lọ? Kì í ṣe láti dẹ́rù bani nìkan ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó ń bu ọlá fún ọ̀gá náà, ó sì ń bu ọlá fún ẹni tó rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé baba yín, tó jẹ́ ọdẹ, máa ń sun ìjálá fún ẹfọ̀n tó bá pa, á máa kì í bí ènìyàn pàtàkì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí.

Sámú fẹ́ ṣẹ́gun ọ̀gá yìí kí ó tó lọ. Kò ṣe é rí. Ẹ̀rọ náà kì í rántí nǹkan kan; bí ẹ bá yọ ọ́ nínú iná, ìbẹ̀rẹ̀ lẹ máa padà sí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ni ọkọ̀ òfurufú rẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé ó dé iwájú ilẹ̀kùn ìkẹyìn, ó dá a dúró síbẹ̀, ó pa tẹlifíṣọ̀n nìkan, torí ó ní láti dágbére fún àwọn àgbààgbà ìlú wa tó wà níbí lójúlé-lójúlé, kí wọ́n lè súre fún un. Mo lọ fọ aṣọ lẹ́yìn ilé. Kí n tó padà, Tàǹtí ti yọ wáyà ẹ̀rọ lójú iná, ó ti ki ti áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́. Aṣọ tí ọmọ rẹ̀ máa fi ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ̀.

Ẹ̀rù bà mí, kì í ṣe nítorí géèmù. Ọmọ kì í bá ìyá rẹ̀ jà lọ́jọ́ tí ìrìn àjò ku ọ̀la, mo sì mọ ẹnu Sámú. Mo ṣàlàyé fún Tàǹtí, kò yé e. Ó ní ṣé kí ọmọ òun wọ aṣọ rírún lọ síwájú Ọlọ́run nítorí nǹkan ìṣeré ni? Ni mo bá fi ohùn gbé orin náà fún un, èmi tí n kì í la ẹnu kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tàǹtí gbé áyọ́ọ̀nù sókè, kò lọ aṣọ mọ́. Ó ní kí n tún un gbé, ó ní ó jọ ìjálá ẹfọ̀n tí bàbá yín máa ń sun. Ibẹ̀ ni Sámú bá wa.

Ó wo ẹ̀rọ, ó wo áyọ́ọ̀nù, ó ní *c'est gâté*, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ Faransé líle. Tàǹtí kò bá a fà á. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀, ó ní kó tún bẹ̀rẹ̀, òun fẹ́ mọ ibi tí ẹfọ̀n tí Àbẹ̀kẹ́ ń kọrin rẹ̀ yẹn ti ń jáde. Sámú ní òun ṣì ní àwọn àgbààgbà tí òun kò tíì kí. Tàǹtí ní kí wọ́n súre láti ilé wọn. Ló bá rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń béèrè ta lèyí, kí ló jí tí wọ́n fi ń lé e. Sámú ń dáhùn. N kò mọ ìgbà tó bọ́ sí Yorùbá, Yorùbá wẹ́wẹ́ bí ti ọmọ kékeré. Tí ó bá kú nínú géèmù, Tàǹtí á ní ṣé irú ọwọ́ yìí ló máa fi dáná ní Faransé? Wọn kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ìkẹyìn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò bínú lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú, níṣojú gbogbo èrò.

Ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo dé ilẹ̀kùn ìkẹyìn fúnra mi. Orin dákẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tàǹtí sáré jáde láti ilé ìdáná, ó jókòó síbi tó jókòó sí lọ́jọ́ yẹn. Ìyá mi, mo rí ibi tí mo ti lè gbá ọ̀gá náà. Ṣùgbọ́n tí ó bá kú, orin tán nìyẹn. Mo gbé ọwọ́ kúrò, a jọ ń gbọ́ ọ títí ọ̀gá náà fi pa mí. Tàǹtí nu ojú rẹ̀, ó ní kí n tún bẹ̀rẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ó jẹ́ kí Sámú bá wa láyọ̀. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n Táyọ̀ àti ìyàwó wọn, ẹ kí ará ilé, ẹ kí ará ọ̀nà, ẹ má gbàgbé ẹni tó wá fi ẹjọ́ wa sùn yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́