Owó Tí Ẹnikẹ́ni Ò Sọ Nù

Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kẹwàá, 2009

Muhsinah ti bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa mi. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Ìròyìn kejì kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Alhaji bèèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ó sì sọ òótọ́ fún wọn — pé èmi ni mò ń bójú tó káfè Ẹ̀gbọ́n Richard ní Fẹ́sítákì, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sanwó lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ṣe ni bàbá òun gbé kọ́ọ̀pù tíì kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ yàhúù lo wá fẹ́ fẹ́?"

Mi ò bínú sí wọn. Ta ni kò mọ ohun táwọn ọmọkùnrin kan ń ṣe nínú káfè ládùúgbò yìí? Wọ́n á máa kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí ìyá arúgbó l'Amẹ́ríkà, wọ́n á máa pe ara wọn ní ẹnjiníà. Bí mo bá lé wọn jáde láàárọ̀, wọ́n á tún yọ́ wọlé lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ara wọn. Màá fẹ́ Muhsinah. Alhaji Mílíìkì fúnra wọn ló sì máa fi ọmọ wọn lé mi lọ́wọ́.

(Alhaji Sàláúdéènì lorúkọ wọn. Mílíìkì alágolo ni wọ́n ń tà ní Kuje tó wà nítòsí wa. Mi ò gbọ́dọ̀ ṣèèṣì pe orúkọ àlàjẹ́ yìí lójú wọn o!)

Ajé, 5 Oṣù Kẹwàá

Àpọ́n ṣiṣẹ́ dáadáa lónìí. Kọ̀ǹpútà tó wà ní igun ni mò ń pè bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ ti sán, oníbàárà kankan kì í fẹ́ jókòó tì í.

Láti oṣù Kẹfà ni mo ti gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan tí òjò lé gbogbo ènìyàn sílé, mo rí i kà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé àwọn kan ti dá owó tuntun sílẹ̀, owó tí kò ní bébà, tí kò ní báńkì. Bítíkọ́ìnì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní wíwà ni wọ́n ń wà á, bí ẹni ń wa kùsà. Kọ̀ǹpútà àwọn tó ń ṣe é á máa bá ara wọn du ìṣirò kan tó le gan-an. Èyí tó bá kọ́kọ́ yanjú rẹ̀, wọ́n á fún un ní àádọ́ta bítíkọ́ìnì. Á wà nínú fáìlì kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà náà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n Richard mọ̀ sí i. Wọ́n ní kò burú, bí mo bá ti lè máa dá epo tí Àpọ́n ń mu padà sínú jẹnẹrétọ̀. Mò ń dá a padà.

Kí ni ó lè rà? Kò lè ra gúgúrú. Ẹnì kan lókè òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun lè ta ẹgbẹ̀rún kan àti ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ní dọ́là kan. Èyí tí Àpọ́n ti wà jọ lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Dọ́là mẹ́ta. Owó súyà! Mo rẹ́rìn-ín títí, èmi nìkan.

Síbẹ̀ mi ò dá a dúró. Mo ti ka bí wọ́n ṣe ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo wá irọ́ níbẹ̀, mi ò rí. Ìdí mi nìyẹn.

Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kẹwàá

Kò síná. Kò sépo. Àpọ́n sinmi, èmi náà sinmi.

Jímọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Lẹ́yìn ìrun, mo rí Muhsinah níwájú mọ́ṣáláṣí. Mo sọ ọ̀rọ̀ Àpọ́n fún un fún ìgbà àkọ́kọ́. Tíṣà ìṣirò ni, kò sì ṣeé fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn jẹ. Ó bi mí bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ ọmọ iléèwé — ta ló ń ka owó náà? Kí ni kò ní jẹ́ kí ẹnì kan ná an lẹ́ẹ̀mejì? Bí ẹni tó dá a sílẹ̀ bá kú ńkọ́? Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó ní kò tíì yé òun tán, ṣùgbọ́n òun kò rí jìbìtì níbẹ̀.

Ó ní òun máa ní kí bàbá òun wá fojú ara wọn rí ibi iṣẹ́ mi. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Àìkú, 11 Oṣù Kẹwàá

Muhsinah kó àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta fún ìdíje ìṣirò. Ó di Àbámẹ́ta kó tó dé. Fóònù rẹ̀ kò wọlé.

Ajé, 12 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n wá.

Wọn ò sọ tẹ́lẹ̀. Mo ṣáà rí ọkọ̀ akẹ́rù wọn níta, páálí mílíìkì kún inú ẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti Mile 2. Alhaji bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú fìlà funfun. Wọ́n rìn lọ láti orí kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn, wọ́n ń yọjú wo ohun tí kálukú ń ṣe. Àwọn ọmọkùnrin méjì dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ ra omi. Wọn ò padà wá mọ́. Ìyá kan tó ń wo èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ nìkan ni kò mira.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Àpọ́n. Kò sẹ́ni tó jókòó tì í, fáànù inú rẹ̀ ń pariwo, nọ́ńbà ń yí lójú rẹ̀.

"Ta ló ń lo èyí?"

"Kò sẹ́nì kan, sà."

"Kí ló wá ń ṣe?"

Mo lè sọ pé ó ń gba fíìmù sílẹ̀. Ahọ́n mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ó ń wa owó, sà."

Ìyá tó ń wo èsì ìdánwò pàápàá yíjú sí wa.

Wọ́n bi mí pé owó ta ni. Mo ní kì í ṣe owó ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ta ló wá sọ ọ́ nù. Mo ní ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ nù. Wọ́n ní kí ni mo tà fún ẹni tó san án. Mo ní mi ò ta nǹkan kan. Bí mo ṣe ń dáhùn náà ni ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ ń burú létí èmi alára.

"Mansur, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń tajà. Mi ò tíì rí owó tẹ́nikẹ́ni ò sọ nù, tẹ́nikẹ́ni ò san, tó sì wà lọ́wọ́ èèyàn."

Wọ́n ní ṣé mo lè búra. Mo ní kíákíá. Mo ṣe àlùwàlá lẹ́yìn káfè, mo gbọ́wọ́ lé Kùránì pé kò sí kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni nínú kọ̀ǹpútà yẹn, pé mi ò sì lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì rí. Ẹ̀gbọ́n Richard, tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, dúró tì wá, wọ́n ṣí fìlà wọn.

Ojú Alhaji rọ̀. Wọ́n ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́." Inú mi dùn, àfi bí wọ́n ṣe tún ní, "Ṣùgbọ́n àwọn ará mọ́ṣáláṣí mi ò sí níbí nígbà tó o búra. Nǹkan tí wọ́n máa gbọ́ ni pé àna mi ní ẹ̀rọ kan tó ń ṣe owó. Pa á rẹ́, Mansur. Pátápátá. Tó o bá ti ṣe é, kó àwọn ẹbí ẹ wá."

Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kẹwàá

Ẹ̀gbọ́n Richard ní, "Torí owó súyà lo ṣe fẹ́ pàdánù ìyàwó? Àbí orí ẹ ò pé ni?"

Fóònù Muhsinah ò wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kẹwàá

Mo ti ṣe é.

Fíláàṣì wà lápò mi. Ìṣẹ́jú kan péré ló máa gbà kí n da fáìlì yẹn kọ sórí ẹ̀, Alhaji ò ní mọ̀ láéláé. Mo tilẹ̀ ti yọ ọ́ síta. Mo wá ní rárá. Mi ò ní fi àrékérekè fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo dá fíláàṣì padà sápò, mo nu Àpọ́n láti inú dé òde. Mo jókòó tì í títí ó fi parí. Ó dùn mí. Mi ò mọ ìdí tí owó súyà fi lè dun èèyàn tó báyẹn.

Mo pe Alhaji. Wọ́n ní, "O ṣeun. Ẹ máa bọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀." Ayọ̀ gbà mí lọ́kàn, mo ra mílíìkì alágolo kan lọ́nà ilé, mo dá a mu tán. Mo ti borí!

Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kẹwàá

Láti ibùdókọ̀ ni Muhsinah ti gba káfè wá, báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ipò kejì. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó jókòó síwájú Àpọ́n, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ fún mi.

Kó tó rìnrìn àjò ló ti lọ bá Àáfáà mọ́ṣáláṣí wọn. Ó bi wọ́n bóyá òun lè gba owó inú kọ̀ǹpútà yẹn ní sọ̀dáàkì, ẹ̀bùn tí ọkọ gbọ́dọ̀ fún ìyàwó kí yìgì tó lè so. Àáfáà bi í léèrè ọ̀rọ̀ títí, wọ́n wá ní bó bá jẹ́ ti ọkọ lóòótọ́, tí ìyàwó sì yọ́nú sí i, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọmọbìnrin fúnra rẹ̀ ló ń dárúkọ sọ̀dáàkì rẹ̀. Bí òun bá ti dárúkọ rẹ̀, ó ti di tòun nìyẹn. Ẹnu kò sì gbà á pé kí ará mọ́ṣáláṣí kan máa sọ̀rọ̀ sọ̀dáàkì ẹni ẹlẹ́ni. Ó ní òun fẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́, kí òun tó sọ fún bàbá òun lálẹ́ yìí.

Mo sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ní kí n pa á rẹ́, mo sì ti pa á rẹ́.

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Ṣé o sọ fún Baba pé iṣẹ́ gidi ni?"

"Mo búra fún wọn pé kì í ṣe olè."

"Mi ò bi ẹ́ léèrè ìyẹn. Ṣé o sọ fún wọn pé iṣẹ́ gidi ni, pé o gbà á gbọ́?"

Mi ò sọ ọ́. Mo ní wọ́n jù mí lọ, bàbá ni wọ́n, kí ni kí n sọ?

Ó ní, "Tí Baba bá ní kó o fi èmi náà sílẹ̀ ńkọ́?"

Allah mọ̀ pé mo ní èsì. Mo kàn ń wá bí màá ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí àfojúdi sí bàbá rẹ̀ ni. Kó tó bọ́ lẹ́nu mi, ó ti gbé báàgì rẹ̀.

Àìkú, 18 Oṣù Kẹwàá

Kò gbé fóònù.

Ajé, 19 Oṣù Kẹwàá

Kò gbé e.

Ọjọ́rú, 21 Oṣù Kẹwàá

Ẹ̀gbọ́n Richard ti ta Àpọ́n pẹ̀lú méjì mìíràn. Wọ́n ní mọ́dẹ́ẹ̀mù kékeré ni gbogbo èèyàn ń rà kiri báyìí, wọ́n ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì nínú yàrá wọn, káfè ti ń kú lọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí n tún bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀kan nínú àwọn tó kù. Wọ́n ní epo ò sí fún eré ọmọdé mọ́.

Ó tán nìyẹn. Ó ku ohun kan ṣoṣo tí mi ò ní jẹ́ kó bọ́. Muhsinah ò tíì ní kí n má wá. Bí kò bá ti sọ ọ́, màá lọ.

Ọjọ́bọ̀, 29 Oṣù Kẹwàá

Àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ Muhsinah: "Ẹ máa bọ̀." Kò sí "olólùfẹ́", kò sí "Mansur". Mo kà á títí bátìrì fi kú.

Àìkú, 1 Oṣù Kọkànlá

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìyá mi lọ, Bọ̀dá Yaqub, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, sì ṣáájú wa. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alhaji kún, wọ́n ti gbé páálí mílíìkì sún mọ́ ògiri kí àyè lè gbà wá. Wọ́n kí wa, wọ́n fún wa lómi, gbogbo rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́. Wọ́n ní kí Muhsinah jáde. Kò wojú mi.

Àáfáà bi í pé kí ni yóò gbà ní sọ̀dáàkì. Àwọn ọmọbìnrin máa ń wolẹ̀ ni, wọ́n á ní ohunkóhun tí wọ́n bá fún àwọn. Muhsinah ò wolẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àáfáà, kí n tó dárúkọ rẹ̀, Mansur ní ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kó bá bàbá mi sọ."

Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Mo mọ̀ ọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde jókòó.

Mo ní, "Alhaji, iṣẹ́ tí mo pa rẹ́ yẹn, iṣẹ́ gidi ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá, mo gbà bẹ́ẹ̀ lónìí. Ẹ̀rù yín ló bà mí. Tẹ́ ẹ bá tún ní kí n fi nǹkan tí mo mọ̀ pé ó dáa sílẹ̀, ẹ má bínú sà, mi ò ní gbà. Muhsinah ni mo sì kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀."

Ìyá mi ké, "Yéè!" Bọ̀dá Yaqub fà mí láṣọ. Mi ò mú ojú kúrò lójú Alhaji.

Wọ́n ti fìlà wọn sẹ́yìn. "Kí ló dé tó ò sọ báyìí fún mi lọ́jọ́ tí mo wá?"

"Ẹ ò ní gbà, sà."

"Lóòótọ́, mi ò ní gbà. Lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá bá ẹ jà. Tílẹ̀ bá sì mọ́, ǹ bá ránṣẹ́ pe Àáfáà, kí n bi wọ́n."

Àáfáà tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún. Wọ́n ní, "Muhsinah ti bi mí. Mo ti ní ó dáa."

Alhaji wò mí, wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n mi orí, wọ́n ní kí Àáfáà máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Àáfáà wá tún bi Muhsinah pé kí ni yóò gbà.

Muhsinah ní, "Èyí tí mo fẹ́ ti parẹ́. Kí wọ́n fún mi ní Kùránì." Èmi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Gbogbo ilé ní àmín.