Pọ́ǹpù Tí Bàbá Mi Yàn fún Arẹ́rìn-ín

                                                  Yàrá Ìdúró,
                                                  Ilé Ìwòsàn Ńlá,
                                                  Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ẹrẹ́nà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Oníyìnyín,

Ẹ kú ilé o. Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọmọ ti lọ? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ láti ìgbà tí o ti dá gbé fìríìjì òtẹ́ẹ̀lì nì, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Ẹ kú ooru yìí náà. Mo mọ̀ pé ìwọ nìkan ni inú rẹ máa ń dùn tí oòrùn bá mú báyìí, nítorí pé fìríìjì gbogbo àdúgbò á máa dákú, wọ́n á sì máa wá ọ kiri. Iṣẹ́ ò ní wọ́n ọ, àmọ́ ṣàánú àwa yòókù.

Má bínú sí bí ìwé mi ṣe rí wúruwùru. Orí àga ilé ìwòsàn ni mo jókòó sí, orúnkún mi ni tábìlì. Màmá mi ti wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ láti àárọ̀. Ọkàn wọn ni wọ́n ń tún ṣe. Bàbá mi ń lọ, wọ́n ń bọ̀ níwájú mi, débi pé nọ́ọ̀sì kan ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Èmi náà, bí mo bá kọ ìlà méjì, màá dìde lọ yọjú sí ilẹ̀kùn. Tí mi ò bá rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe, orí mi á dàrú, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n dá ọ lóhùn lórí pọ́ǹpù tí o bèèrè.

O rántí Arẹ́rìn-ín, ẹran omi Màmá, tí kì í ṣe ẹja, tí kì í ṣe alángbá: ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìrù gígùn, ẹnu tó dà bíi pé ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé. Ara rẹ̀ ò gba omi gbígbóná rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ amómitutù fi wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Pọ́ǹpù kékeré kan ló máa ń ti omi láti inú àpótí gíláàsì lọ sínú ẹ̀rọ náà, omi á tutù, á sì padà wá. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gba Màmá sí ilé ìwòsàn gan-an ni pọ́ǹpù yẹn kú. Dókítà sì ti kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ sọ ohun tó máa kó ọkàn Màmá sókè kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Bẹ́ẹ̀, ohun tí Màmá máa ń kọ́kọ́ bèèrè lórí fóònù, kí wọ́n tó bèèrè èmi tí wọ́n bí, ni Arẹ́rìn-ín. Tó bá kú, ta ló máa sọ fún wọn?

Mo ṣe bí o ṣe wí. Mo ka iye omi tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ amómitutù pé ó yẹ kó máa gba inú rẹ̀ kọjá, mo sì ra pọ́ǹpù tó bá a mu, kékeré tí kò ju ìkúùkù mi lọ. Bàbá wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. O mọ̀ pé gbogbo ọjọ́ ayé wọn ni wọ́n fi so pọ́ǹpù tó ń gbé omi lọ sórí àwọn ilé alájà gogoro. Wọ́n ní, “Ṣé èyí ni yóò gbé omi? Èyí ò lè gbé itọ́ mi.” Ni wọ́n bá wọ yàrá ẹrù lọ, wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn tiwọn jáde, ó tó orí ọmọdé.

O lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò bá wọn jiyàn. Oníyìnyín, láti ìgbà tí Màmá ti kúrò nílé, Bàbá ò jẹun kánú. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n á tì í, wọ́n á tún ṣí i. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ wọn àtijọ́, wọ́n ń súfèé. Mo dá pọ́ǹpù kékeré padà sínú páálí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe tan nǹkan náà báyìí, àfi bíi pé odò ya wọlé. Arẹ́rìn-ín lẹ̀ mọ́ gíláàsì, yanrìn ìsàlẹ̀ dìde. Bàbá fi táàpù fún omi náà lọ́rùn, ó rọlẹ̀, mo ní ó ti parí. Àṣé omi ń gbóná sí i. Ẹ̀rọ amómitutù ò sinmi tọ̀sán-tòru, omi ò sì tutù. Bàbá bínú sí ẹ̀rọ, wọ́n fẹ́ eruku ara rẹ̀ dànù. Wọ́n bínú sí ohun tí a fi ń wọn ooru, wọ́n ra òmíràn; òmíràn sọ ohun tí ti àkọ́kọ́ sọ. A wá ń ju ike omi dídì sínú àpótí. Arẹ́rìn-ín kọ ekòló, ṣóńṣó ìrù rẹ̀ ká kò. Tí Màmá bá sì pè, Bàbá á sáré pa pọ́ǹpù kí ariwo rẹ̀ má baà tú wa fó, wọ́n á ní, “Ọmọ rẹ wà pa, ó ń rẹ́rìn-ín.” Irọ́ kọ́, ó kúkú ń rẹ́rìn-ín. Bó bá kú náà, á ṣì máa rẹ́rìn-ín.

Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, torí o ti kọ ọ́ sí mi: inú omi ni pọ́ǹpù yẹn jókòó sí, inú omi náà ló sì ń da ooru ara rẹ̀ sí. Nílé alájà, omi tó bá gòkè ti lọ nìyẹn. Ta ni yóò mọ̀ pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́? Níbí, omi kan náà ló ń yí. Mo ń bínú sí wọn, mo ń bínú sí ara mi, èmi náà wá ń rìn káàkiri ilé. Ìgbà tí mo pinnu pé màá sọ ọ́, tí mo wọlé, mo bá wọn tí wọ́n ti pa pọ́ǹpù, wọ́n ki apá bọ omi dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n dì í mú. Wọ́n pẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fa ọwọ́ yọ, wọ́n nù ún sára aṣọ iṣẹ́, wọ́n ní, “Èmi ni mo ń sè é.” Ìgbà tó yá, wọ́n ní, “Gbé ohun ìṣeré rẹ wá.”

Bàbá fúnra wọn ló so pọ́ǹpù kékeré náà. Wọ́n fi fóòmù bo ẹnu rẹ̀ kó má baà fa ẹsẹ̀ ẹran náà, wọ́n to rọ́bà rẹ̀ débi pé kò ṣẹ́ níbì kankan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, omi ti tutù. Lọ́jọ́ kejì, Arẹ́rìn-ín gba ekòló lọ́wọ́ Bàbá. Inú mi dùn, mo rò pé ara wa ti máa balẹ̀.

Àná wá ni dókítà pè wá láti ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ó ní àwọn máa dá ọkàn Màmá dúró, pọ́ǹpù kan á máa gbé ẹ̀jẹ̀ wọn kiri títí àwọn á fi tún un ṣe tán, àwọn á tilẹ̀ mú kí ẹ̀jẹ̀ náà tutù díẹ̀. Bó ṣe dárúkọ pọ́ǹpù, Bàbá dìde dúró. Mo ti ń dọ́gbọ́n fa aṣọ wọn, torí mo rò pé wọ́n máa bi í bóyá ó lágbára tó. Wọ́n ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo èyí tó le jù fún un. Èyí tó bá ara ẹ̀ mu ni kẹ́ ẹ lò.” Dókítà ní àwọn ti wọn bí ara Màmá ṣe tóbi tó, pọ́ǹpù náà kò ní ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n tún bèèrè ẹni tó máa jókòó ti pọ́ǹpù náà. Ó ní ẹnì kan wà tí kò níṣẹ́ méjì. Bàbá ní, “Kó má dìde o, ì báà jẹ́ láti lọ mu omi.”

Dúró ná, ilẹ̀kùn ṣí.

Mo ti padà. Dókítà yẹn ló jáde, ìbòjú rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Kó tó la ẹnu, Bàbá ti bi í pé, “Pọ́ǹpù ńkọ́?” Ó ní, “A ti pa á, Bàbá, a ti yọ ọ́. Ọkàn Màmá ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ báyìí.” Bàbá di ọwọ́ obìnrin náà mú, wọn ò fẹ́ fi í sílẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi, omijé bò wọ́n lójú, wọ́n ní, “Gbogbo ayé mi, mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n pa pọ́ǹpù kí inú mi dùn rí.”

Bá mi kí ìyàwó rẹ, gbé ọmọ mọ́ra fún mi, kí o sì sọ fún ẹ̀yìn rẹ pé mo kí i. Wọ́n ti ń pè wá kí a wá wo Màmá látojú fèrèsé, Bàbá sì ti sáré lọ, bàtà wọn ẹsẹ̀ kan wà níbí.

                                                  Tìrẹ ni mí láìyẹ̀,
                                                  Ara-ò-balẹ̀.