Alábẹ̀wò Tó Wọ Kóòtù Onígbàjámọ̀

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Bẹ́ẹ̀ ni o, èmi ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? Bàbá wẹ̀ lónìí. Látorí délẹ̀. Ó tún fọ etí. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi bẹ̀ ẹ́ kí ibi iṣẹ́ tó rán an lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀kán omi kan ò kàn án lára. Èmi dé, ogún ìṣẹ́jú, ó ti parí. Kí wọ́n máa wí pé mi ò kàwé.

Bó ṣe lọ rèé. Bàbá bàbá mi, ọ̀gá ilé-ìwé ni fún ọgbọ̀n ọdún. Báyìí, orí ẹ̀ ti ń gbàgbé nǹkan, kò mọ ẹni tí mo jẹ́. Mo gbé búkẹ́ẹ̀tì wọlé láàárọ̀, ó ju sílípáàsì lù mí, ó ní olè ni mí. Mo sá. Mo lọ gé irun oníbàárà kan níwájú ilé, mo sì gbàgbé láti bọ́ kóòtù funfun tí mo fi ń gé irun kí n tó padà wọlé. Bírò wà lápò ẹ̀. Bàbá fò dìde, ó dúró ṣánṣán. Ó ní, ẹ káàbọ̀ sà, a ò mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ yìí lẹ̀ ń bọ̀.

Alábẹ̀wò ilé-ìwé! Ẹni tí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ máa ń rán wá yẹ ilé-ìwé wò! Èmi tí mo sá ní fọ́ọ̀mù kẹta! Mo fi ohùn tó rinlẹ̀ sọ pé, Ọ̀gá, ìmọ́tótó la fẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó ti ń bọ́ ẹ̀wù.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ra ìwé yìí. Alábẹ̀wò tí kò mú ìwé dání, ta ló máa gbà á gbọ́? Kó má kàn ṣófo ni mo ṣe ń kọ nǹkan sí i.

Túsìdé, ọjọ́ kẹrin

Òògùn àárọ̀, ó lò ó. Tìrọ̀lẹ́, ó lò ó. Mo kàn ní kí Ọ̀gá fi àpẹẹrẹ lélẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ó gbé e mì, ó la ẹnu kí n wò ó. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti kọ ọ́.

Tọ́sìdé, ọjọ́ kẹfà

Kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi — Kọ́kọ́rọ́ ni mo ń pè é, kò sí ilẹ̀kùn tí kì í tì — fẹ́ gbé Bàbá lọ sílé tiẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Yàrá kan, fèrèsé kan, kọ́kọ́rọ́ látìta. Sọ́ńdè ọjọ́ kẹrìndínlógún ló ń bọ̀ wá wò wá. Tó bá bá ìdọ̀tí, tàbí tí òògùn ò bá pé, tàbí tí Bàbá bá ti ṣubú, ọjọ́ yẹn náà ló ń gbé e lọ.

Ó sọ lórí fóònù pé, ìwọ tí o ò lè jókòó ní kíláàsì, arúgbó lo wá fẹ́ jókòó tì? Mo ní, ẹ̀yin ẹ ṣáà máa bọ̀, sà.

Bàbá ló kọ́ ilé yìí. Ó ti gbàgbé orúkọ gbogbo wa, àmọ́ tílẹ̀ bá ń ṣú, kì í wo ògiri kó tó tan iná. Ọwọ́ ẹ̀ mọ ibẹ̀. Ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ńkọ́?

Sátidé, ọjọ́ kẹjọ

Háà! Ẹ̀rín pa mí lónìí.

Mo ti gbé àga ìgérun wọ pálọ̀, kí n lè máa rí Bàbá. Oníbàárà mẹ́rin. Dírẹ́bà kan ló wà lórí àga, mo ti fá apá òsì tán. Bàbá jáde láti yàrá pẹ̀lú rúlà. Ó bi dírẹ́bà pé, méje lọ́nà mẹ́jọ? Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín, ó ní, Bàbá, ẹ jẹ́ n gbádùn. Pàá! Rúlà, lórí ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni dírẹ́bà dáhùn pé mẹ́rìnléláàdọ́ta. Bàbá ní kó dìde, kó kojú sí ògiri, kó gbọ́wọ́ sókè.

Ó sì ṣe é! Ọkùnrin onírùngbọ̀n, aṣọ ìgérun lọ́rùn, orí ààbọ̀! Mo ní, bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó. Ó ní láéláé, àfi tí bàbá yẹn bá ní kóun jókòó. Àwọn tó kù ti ń ka táímù-tébù lábẹ́nu. Ọ̀kan na pápá bora.

Èmi náà ń fi ìka kà á nínú àpò. Mo ní, Ọ̀gá, ẹ fún wọn ní ìdáhùn ká gbọ́. Ó ní mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, sà. Kò tiẹ̀ ronú.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó wẹ̀. Ó jẹun. Ó ní kí n máa lọ sí ìsinmi.

Túsìdé, ọjọ́ kọkànlá

Nọ́ọ̀sì wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní ó lọ sílẹ̀ dáadáa, ta ló ń tọ́jú yín, Bàbá? Bàbá ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ni.

Nígbà tí mo sìn ín jáde, ó bi mí bóyá Bàbá ti dá mi mọ̀ rí látìgbà tí mo ti dé. Mo ní rárá, kò sì ṣe nǹkan kan. Nígbà tó mọ̀ mí gan-an, ṣebí kì í bá mi sọ̀rọ̀. Ilé-ìwé tiẹ̀ ni mo sá kúrò, níwájú gbogbo tíṣà ẹ̀. Ẹsẹ̀-ò-gbélé ló sọ mí ní kékeré, òun nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Àtọjọ́ yẹn ni kò ti pè mí mọ́. Inú tó ń bí i ò tíì rọ̀ tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé.

Kò kàn mí.

Fúráìdé, ọjọ́ kẹrìnlá

Bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yìn mi! Aládùúgbò rí wọn lórí okùn, ó bi mí bóyá mo ti ń ta aṣọ. Alábẹ̀wò kọ ọ́ sílẹ̀ pé: òjò jò wọ kíláàsì.

Ọdún méjì ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣe èyí. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ rí. Kí n rántí.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìndínlógún

MO BORÍ!

Kọ́kọ́rọ́ wá. Ó ka òògùn níkọ̀ọ̀kan. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì sókè. Ó gbóòórùn ọrùn Bàbá bí ẹni fẹ́ ra ẹja. Bàbá wò ó, ó ní, o pẹ́ dé, lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ ọlọ́mọ márùn-ún lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà! Nígbà tó gba àyè wọlé, ó ní ó dáa, kí Bàbá máa gbébí.

Onígbàjámọ̀ ló ṣe é o! Gbogbo ẹ̀ ló lọ geere. Gbogbo ẹ̀.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀.

Láàárọ̀ àná, mò ń fá irùngbọ̀n Bàbá. Kọ́kọ́rọ́ ti ń fun fèrè ọkọ̀ níta. Bàbá ò tíì wọ ṣòkòtò. Ṣàdédé ló di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó wojú mi. Ó ní, Ẹsẹ̀-ò-gbélé, ìwọ nìyí?

Mo gbọ́ ọ. Ketekete ni mo gbọ́ ọ.

Àmọ́ fèrè ń dún. Mo ní lọ́kàn mi pé, tí ọkàn ẹ̀ bá kúrò ní ilé-ìwé báyìí, sílípáàsì ló kàn, lójú Kọ́kọ́rọ́. Mo bá fi ohùn tó rinlẹ̀ yẹn sọ pé, ẹ ti fi mí pe ẹlòmíì, Ọ̀gá. Alábẹ̀wò ni mí.

Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Ó ní, ẹ má bínú, sà. Ọmọ ọmọ mi kan lẹ jọ. Tẹ́ ẹ bá rí i níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò bínú mọ́. Kó máa bọ̀ nílé.

Mo ní màá jẹ́ iṣẹ́ yín. Ó gbé àgbọ̀n sókè, mo fá a tán.

Lónìí mi ò wọ kóòtù. Síńgílẹ́ẹ̀tì lásán ni mo wọ̀ lọ dúró níwájú ẹ̀. Mo ní, Bàbá, èmi ni. Ẹsẹ̀-ò-gbélé. Mo ti dé. Ó wò mí títí.

Ó ju sílípáàsì lù mí.

Mo he é, mo gbé e fún un padà, mo sì tún dúró síbẹ̀.