Ohùn Tí Yóò Máa Ka Ìròyìn fún Màmá

“Ṣé bàbá yín á fẹ́ kí ẹ̀rọ máa fi ohùn òun ka ìwé fún mi?” Ìbéèrè tí Màmá bi gbogbo ilé nìyí ní ọjọ́ kẹta tí Bàbá lọ.

Ìlú Delft, ní ilẹ̀ Netherlands, ni wọ́n ti bí Bàbá wa, Olóògbé Ernest Hoekstra, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1947. Klaas Hoekstra tó ń tún aago ṣe ni bàbá wọn. Geertje tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ni ìyá wọn. Ilé ìkàwé yẹn ni ìfẹ́ ìtàn àròsọ ti wọ̀ wọ́n lára, pàápàá ìtàn ọkọ̀ tó ń rin àárín ìràwọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń ronú bí ènìyàn.

Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n sì dé Atlanta ní ọdún 1979, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìntì ní 2012. Nọ́ọ̀sì kan láti Ìkirè, Ọláwùnmí, tó di Màmá wa, pè wọ́n lọ́jọ́ kan pé ẹ̀rọ òun bàjẹ́. Wáyà ẹ̀rọ náà ni kò sí lára iná. Bàbá fi í bọ iná, wọ́n sì padà wá lọ́jọ́ kejì láti béèrè bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1984. Bàbá ìyàwó wọn sọ wọ́n ní Adéfọlá.

Màmá kọ́ wọn ní Yorùbá, wọ́n sì kọ́ wọn bí ọmọ iléèwé ṣe ń fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ bo ìwé. Láti ìgbà náà, kò sí ìwé tó wà níhòòhò nínú ilé wọn ní Lilburn, lẹ́bàá Atlanta. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wọn wọ̀, ìrísí wọn sì jọra.

Bàbá ṣe ìrìbọmi ní ìjọ wa ní Clarkston ní 1991. Wọ́n a máa wakọ̀ dé Riverdale lọ tún kọ̀ǹpútà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ṣe, láìgba kọ́bọ̀.

Ní 2016, ojú Màmá kò lè kàwé mọ́. Láràárọ̀, Bàbá a ka ìròyìn ẹ̀rọ ìgbàlódé fún wọn, wọ́n a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n a sì kọ èrò wọn sínú ìwé tí wọ́n fi nọ́ńbà sí lára. Nípa mọ́tò tó ń wa ara rẹ̀: “Kó kọ́kọ́ la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títì I-285 kọjá ní ìrọ̀lẹ́ Friday.” Nípa àwọn tó fẹ́ lọ gbé inú Mars: “Àwọn bàbá wa ní Netherlands lé òkun sẹ́yìn kí wọ́n tó kọ́lé. Ṣé àwọn yìí tilẹ̀ ti rí omi?” Nípa ìtàn kan tí róbọ́ọ̀tì kún inú rẹ̀: “Ó dùn, ṣùgbọ́n ta ló ń fọ abọ́?”

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n ka ìròyìn pé ẹ̀rọ lè máa fi ohùn olóògbé sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Ìyá Ìrètí, màá kọ èsì mi sílẹ̀.” Ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ni wọ́n sùn. Ìwé mẹ́tàlá ni wọ́n kọ. Méjìlá la rí. Ìwé orin Màmá ló dúró ní àyè ìkẹtàlá lórí àtẹ ìwé. Fọlábí ọmọ wọn ti kó ohùn wọn jọ, ó ní ó tó fún ẹ̀rọ náà. Ìrètíolúwa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Màmá ní ohun tí Bàbá bá kọ la ó ṣe. A tú ilé, a tú mọ́tò, a kò rí ìwé kẹtàlá.

Àwọn tí Bàbá fi sílẹ̀ ni Màmá Ọláwùnmí. Àwọn ọmọ wọn, Ìrètíolúwa àti Fọlábí. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Israel àti Tiwa ọmọ ọdún mọ́kànlá. Àti àbúrò wọn obìnrin ní Delft.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà wo àwòrán iwájú ìwé ètò yìí. Ọjọ́ Àjíǹde la yà á. Ìwé orin Màmá la rò pé Bàbá bá wọn dì mú, títí Tiwa fi fẹ àwòrán náà lórí fóònù: “Grandma, kí ló dé tí ìwé orin ní number thirteen lára?”

Màmá na ọwọ́ sí báàgì ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ibẹ̀ ló wà. Sunday mẹ́rin ni wọ́n ti gbé e lọ gbé e bọ̀, nítorí orí ni wọ́n ti ń kọ orin, wọn kì í ṣí ìwé.

Tiwa ló kà á sókè, ohùn Yorùbá rẹ̀ ń ṣìnà níbi tí ti Bàbá máa ń ṣìnà: “Ẹ má lo ẹ̀rọ. Èmi àti Tiwa la jọ ń sọ Yorùbá bí àlejò. Kí Tiwa máa ka ìròyìn fún Ìyá Ìrètí.”

Ẹ sinmi, Bàbá. Ìròyìn òwúrọ̀ ti rí ẹni tí yóò kà á.