Omi Tí Sùrájù Pọn

Ọjọ́ Ajé, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà 1974
Kabawa. Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Sùrájù, ará Ìlọrin ni wọ́n. Àmù ńlá kan, omi inú rẹ̀ ti dàwọ̀ ewé. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó — nǹkan kéékèèké, roboto, kò tó orí abẹ́rẹ́, ń ta pọ́ún-pọ́ún lójú omi. Ọdún kẹsàn-án mi lẹ́nu iṣẹ́ wolé-wolé rèé, n kò rí irú ẹ̀ rí. Mo sọ wọ́n ní Tapọ́ún. Mo bu díẹ̀ sínú ìgò.

Mo ní kí wọ́n da omi náà nù. Ìyá kúnlẹ̀ — àgbàlagbà! Ó ní Sùrájù ọmọ òun ló pọn ọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ṣìntákù lódìkejì odò. Ọkọ̀ dojú dé. Wọn ò rí òkú. Oṣù méjì rèé, kò gbà kí àlùfáà ṣàdúrà òkú. Ó ní bí òun bá ti pe orúkọ ọmọ òun, àwọn nǹkan náà á fò. Ó bẹ̀rẹ̀ sórí omi náà, ó pè é. Wọ́n fò lóòótọ́. Orí mi wú.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ohunkóhun tó bá ń mira nínú omi tó dúró, tàǹwíji ni, ọmọ ẹ̀fọn. Mo da kẹrosíìnì sí i; wọn ò ta mọ́.

Ìyá wo ojú omi. Ó ní, "Wolé-wolé, ẹ ti bá mi sin ín nìyẹn."

Ìṣẹ́gun, 3
Oúnjẹ ò lọ.

Ọjọ́bọ̀, 5
Ọ̀gá Bámiṣayé, olórí wa níbi iṣẹ́, fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ohun inú ìgò mi. Ẹ̀rín pa á. "Jacob, ta ló sọ fún ẹ pé tàǹwíji nìyí?" Ó ní wọn kì í hu ìyẹ́, wọn kì í jẹni. Ìrù tó ká sábẹ́ ikùn ni wọ́n fi ń ta. Atẹ́gùn ẹnu lásán tó láti mú wọn fò.

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Jacob aláṣejù! Kí ni kẹrosíìnì wá débẹ̀?

Àìkú, 8
Òjò. Tapọ́ún ti dé ojú omi òjò lẹ́yìn ilé mi ní Gadumo. Eunice ìyàwó mi bá mi níbi tí mo lóṣòó sí, mò ń pe Sùrájù. Ó ní ṣé kò sí o. Mo ní kò sí. Wọ́n ń fò. Mo mọ̀ pé èémí mi ni. Mo tún pè é.

Ọjọ́rú, 11
Mo lọ sí Kabawa láti lọ jẹ́wọ́. Ilé kún — fídáù Sùrájù ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ìyá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti wá ni òun ti gbà pé ọmọ òun kú, òun sì ti ń rí oorun sùn. Ohun kan ṣoṣo ló kù. "Ṣé ẹ̀fọn ni wọ́n lóòótọ́? Ẹ fi Ọlọ́run búra. Bí kì í bá ṣe ẹ̀fọn, ọmọ mi ni mo dúró wò tí ẹ pa."

Mo búra. Mo ní, "Tàǹwíji ni, Ìyá."

Omijé bọ́ lójú ẹ̀. Ó súre fún mi, ó súre fún ọmọ tí n kò tíì bí. Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ àdúrà, gbogbo ilé ń ṣe àmín. Èmi náà ṣe é. Ohùn mi ló ròkè jù.