Bàbá Rẹ Wà Lórí Fóònù, Má Pè Mí

Ummuhani ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run tó ń rọ òjò sórí ebè wa ní Màsífà kò ní jẹ́ kí ilé rẹ gbẹ. A dúpẹ́, gbogbo wa ń bẹ níbí. Ewúrẹ́ funfun tó o fi sílẹ̀ ti bí ìbejì, èyí tó kéré ń ké gan-an bí ìwọ ṣe máa ń ké tí oúnjẹ bá pẹ́.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà ni pé bàbá rẹ ló wà lórí fóònù mi, mi ò sì fẹ́ kí ìpè kankan wọlé kó lọ gbá wọn ṣubú. Gbogbo bí o ṣe ń pè ni mo ń rí. Ìgbà tó o pè láàárọ̀ àná, ṣe ni fóònù ń gbọ̀n tí bàbá rẹ sì pòórá lójú mi, mo kígbe títí àwọn ará ilé fi jáde. Jọ̀ọ́, má pè mọ́.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ, torí o ti ní kí wọ́n má lọ. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá tó ti Kòdífuà bọ̀ ló kó ara wọn jọ ní Èjìgbò, pé àwọn máa gun alùpùpù àtijọ́ wọn láti ibí dé Àbíjàn, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, tí tiẹ̀ ò kú sójú ọ̀nà, ló máa gba ife. Bí bàbá rẹ ṣe gbọ́ báyìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu èyí tí wọ́n rà nígbà tí a ṣì ń tajà ní Dìmbókró ní Kòdífuà. Mo ní kí wọ́n gun tuntun tó o rà fún wọn nígbà iléyá. Wọ́n ní tuntun dára, àmọ́ ẹni tí àwọn ń lọ kí ò mọ ohùn rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni.

Àlíù, tó ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ṣáàjì fóònù, ló tẹ nǹkan sára fóònù wọn, ó tẹ nǹkan sára tèmi, ló bá fi àmì róbótó búlúù kékeré kan hàn mí, ó ní bàbá rẹ nìyẹn. Mo ní wọ́n mà ti rù o.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tọ́jú wọn. Tí oòrùn bá mú, màá gbé fóònù sábẹ́ igi òrombó. Tí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀, mo mọ̀ pé epo ló ń tán, màá sáré tọ Àlíù lọ. Lọ́jọ́ kan mo pa á kí wọ́n lè sinmi, nígbà tí mo máa tàn án, wọ́n ti kọjá Kútọnu láìgbàṣẹ. Mo bá wọn wí dáadáa. Nígbà míì màá jókòó tì wọ́n, màá máa bó ẹ̀gúsí, wọ́n á máa lọ jẹ́jẹ́, òkun á wà lọ́wọ́ òsì wọn, á sì máa ṣe mí bíi pé èmi ni mo wà lẹ́yìn, tí mo di ìbàdí wọn mú, tí atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè mi. Oorun á gbé mi lọ. Lójú oorun yẹn, ọ̀nà náà kì í lópin, kì í sì í rẹ ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì.

Àárọ̀ yìí ni wọ́n dé Àbíjàn, àwọn ni wọ́n sì ṣíwájú. Àwọn tó gbé ife dání ti ń pàtẹ́wọ́, ni bàbá rẹ bá kọjá lára wọn fìrì, wọn ò dúró. Ẹni tó ṣètò ìrìn náà pe Àlíù pé bàbá ti ṣìnà, pé ó jọ pé orí wọn ti dàrú. Àlíù sọ fún mi pé ìwọ náà ti gbọ́, pé o ní tí wọ́n bá dé, o máa kó wọn lọ sí Èkó, o sì máa ta alùpùpù náà fún àwọn tó ń ra irin. Ẹ̀rù ba èmi náà. Mo gbé fóònù lé itan, mo ń pe Ọlọ́run. Wọ́n kọrí sókè, wọ́n ń lọ, wọ́n ń lọ, Àlíù ń sọ fún mi pé odò rèé, ojú irin rèé. Wọ́n sọdá ojú irin, wọ́n sì dúró. Àlíù ka orúkọ ìlú náà fún mi. Dìmbókró ni.

Ummuhani, orí bàbá rẹ ò dàrú o. Lẹ́yìn ojú irin yẹn la sin ẹ̀gbọ́n rẹ Sàídátù sí kí n tó bí ọ. A kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ torí ẹkún ni. Ọmọ náà, tó bá ti gbọ́ ohùn alùpùpù yẹn lókèèrè, á ju ohun tó ń jẹ sílẹ̀, á sáré síta, á máa pariwo bọ̀nàrívé, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó bá dé níbẹ̀. Nígbà tí ogun lé wa wálé, ẹ̀yìn mi lo wà, a ò ráyè dágbére fún un.

Má ta irin yẹn. Tí bàbá rẹ bá dé, kí wọn, má bá wọn jà. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ṣáàjì, torí ọ̀nà àbọ̀ jìn, àmọ́ awakọ̀ ni kó o fún o, má fi gba inú fóònù wọlé, ẹrù tó wà lẹ́yìn bàbá rẹ ti tó. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, o ò sì ní fi ọmọ sílẹ̀ sí ilẹ̀ onílẹ̀ láé.

Wọ́n ṣì dúró síbẹ̀ di báyìí. Mo gbé fóònù sétí, mi ò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo mọ ọkọ mi, wọn ò tíì pa alùpùpù náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ á ti gbọ́ ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Nímọ́tà