Iṣẹ́ Èèyàn Mẹ́sàn-án

Ọjọ́ Àìkú, 1 Ẹrẹ́nà 1992

Mo gbà lọ́wọ́ Òṣùwọ̀n: ₦3,000.
Mọ́tò iná tòkúnbọ̀ tí yóò yí ẹ̀rọ, ọjà Alábà: 1,150.
Páìpù tí kì í dípẹtà, ẹyọ kan: 240.
Ṣéènì àti bíárìn: 520.
Irin oríṣiríṣi: 610.
Ọ̀pá tí a fi ń jó irin: 96.
Owó ọkọ̀: 64.
Àpapọ̀ 2,680. Ó ku 320.

Òṣùwọ̀n ni mo ń pe Màdáámù Florence, nínú ìwé yìí nìkan. Kò sí ohun tí obìnrin yẹn kì í gbé sórí ìwọ̀n. Ó ní ṣẹ́ẹ̀dì kan ní Ìjànikin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bó ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tí wọ́n ń yọ igi líle àárín rẹ̀, kí wọ́n tó kó o lọ fún àwọn tó ń ṣe júùsì. Obìnrin mẹ́sàn-án ló ń fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Irínwó lójúmọ́, ọwọ́ á ti kú tipiri. Adéníkẹ́ àbúrò mi wà nínú wọn. Ní báyìí àwọn oníjúùsì ń fẹ́ ẹgbẹ̀rún kan lójúmọ́, láti ọjọ́ 23 oṣù yìí. Àfi ẹ̀rọ. Èmi ni mo ń ṣe é. ₦7,000 lápapọ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tó kù di ọjọ́ tó bá ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí n dá ẹgbẹ̀rún mẹ́ta rẹ̀ padà. Níbo ni n ó ti rí i?

Mo kọ ọ́ sínú ìwé iye owó tí mo fún un: "Ẹ̀rọ yìí yóò ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́sàn-án." Mo fa ìlà sí i nídìí. Èmi tí mo ka mọ́dáàn sùkúù ọdún mẹ́ta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Ẹrẹ́nà

Adéníkẹ́ ru ọ̀pẹ̀ òyìnbó méjìlá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Okokomaiko kí n lè wọn inú wọn. Àsánì tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pariwo pé, ṣé ọ̀pẹ̀ òyìnbó nìyí àbí orí màlúù? Adéníkẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni mo gbé e wá fún. Ṣé kékeré ni kí n gbé wá, kí wọ́n ní wọn ò kọ́ mi nílé?"

Mo la mẹ́fà. Igi inú wọn: mílímítà 30 sí 32. Mo gbẹ́ inú páìpù fẹ̀ sí 34.

Ó fi bó ṣe ń yọ ọ́ hàn mí. Ọ̀bẹ dúró gbọnin, èso ló ń yí. "Tó bá jẹ́ ọ̀bẹ lẹ ń yí, Bùọ̀dá mi, ọwọ́ á tètè ro yín." Ọdún márùn-ún ló fi kọ́ ọ. Páìpù ni mo ti yà pé kó máa yí — mo pa á rẹ́. Abọ́ irin mẹ́fà lórí ṣéènì. Bí abọ́ bá dé abẹ́ páìpù, abọ́ á yí, páìpù á sọ̀ kalẹ̀ sínú èso, ọ̀pá tín-ín-rín kan á ti igi náà dànù. Abọ́ mìíràn á bọ́ síwájú. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Èyí tún gbà mí lọ́wọ́ ríra bíárìn kan sí i. ₦85.

Ọjọ́bọ̀, 5 Ẹrẹ́nà

Kò síná. Ayùn ọwọ́ ni mo fi rẹ́ irin. Ó ku 320.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Ẹrẹ́nà

Ó ṣiṣẹ́! Mẹ́fà tó kù ni mo fi dán an wò. Ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abọ́sẹ̀dé ìyàwó mi gbé ọ̀kan sójú, ó ń wò mí láti inú ihò rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Táyọ̀, mo ń rí yín o." Gbogbo wa jẹ ẹ́ títí ètè fi ń ta wá.

Ọjọ́ Ajé, 9 Ẹrẹ́nà

Ẹnu mi ò tíì padé.

A gbé ẹ̀rọ dé Ìjànikin. Òkìtì ọ̀pẹ̀ òyìnbó wà nílẹ̀ — bí ìkúùkù. Gbogbo rẹ̀. Mo bi Adéníkẹ́ pé àwọn ńlá dà? Ó ní ọjọ́ méjì lòun fi tú òkìtì kí òun tó rí méjìlá yẹn ṣà fún mi.

Igi inú àwọn wọ̀nyí: 20, 22, 24. Páìpù mi: 34. Ẹran èso ló ń bá igi lọ. Òṣùwọ̀n ní kí n yọ àádọ́ta, ó ṣa ẹran èso tó bá igi jáde, ó gbé e lé ìwọ̀n. Kílò méjì àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Mo ṣírò rẹ̀ kó tó ṣí ẹnu: kílò 55 lójúmọ́, dànù. Ó ní, "Injiníà, ẹ̀rọ yín ń jẹun ju àwọn òṣìṣẹ́ mi lọ. Ẹ̀wà làwọn yẹn ń jẹ."

Gbogbo ṣẹ́ẹ̀dì rẹ́rìn-ín. Adéníkẹ́ nìkan ló kúnlẹ̀: "Èmi ni mo fà á, Bùọ̀dá mi." Kí ni mo fẹ́ bá a wí sí? Ta ló ń gbé èso kékeré fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Èmi ló yẹ kí n lọ ṣà á fúnra mi.

Òṣùwọ̀n fún mi di ọjọ́ 21. Alájẹjù lorúkọ ẹ̀rọ náà láti òní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Ẹrẹ́nà

Páìpù méjì mìíràn ni mo nílò. 240 ni mo ra tàkọ́kọ́. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù kan náà: 400! Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. "Dọ́là ti fò, Bàbá. Ẹ ò gbọ́ rédíò ni?" 800. Lẹ́yìn owó ọkọ̀, 300 ló wà lọ́wọ́ mi. Abọ́sẹ̀dé fi 500 kún un nínú owó àjọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kà á sí mi lọ́wọ́.

Ó ku: òdo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Ẹrẹ́nà

Mo fọwọ́ ara mi wọn ọgọ́rùn-ún nínú òkìtì. Kékeré 41, àárín 46, ńlá 13. Ńlá ọ̀hún kò tó ti Adéníkẹ́. Mo to ọ̀pá irin sí orí ibi tó dagun: àlàfo tóóró lókè, tó fẹ̀ nísàlẹ̀. Èso á máa yí bọ̀, kékeré á kọ́kọ́ já bọ́, àárín á tẹ̀ lé e. Ọ̀nà mẹ́ta, páìpù mẹ́ta. Àwókù irin ni gbogbo ọ̀pá náà, n ò náwó.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Ẹrẹ́nà

Ẹgbẹ̀rún kan: wákàtí kan, ìṣẹ́jú 32. Àdánù àádọ́ta lórí ìwọ̀n: gíráàmù 300 péré. Òṣùwọ̀n tún un wọ̀n, kò yí padà. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Adéníkẹ́ ló fi èso àkọ́kọ́ sí i, ó jó yí ẹ̀rọ po: "Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é o, ọmọ bàbá mi!"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Ẹrẹ́nà

Òṣùwọ̀n san ₦4,000, pé pérépéré. 500 Abọ́sẹ̀dé ti padà. Ó ku 3,500. N ò ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ rí.

Ọjọ́ Ajé, 23 Ẹrẹ́nà

Òṣùwọ̀n ní kí obìnrin méje máa lọ sílé. Adéníkẹ́ wà nínú wọn.

Mo wọkọ̀ láti ilé mi ní Ìbà lọ bá Òṣùwọ̀n, mo ní ṣebí ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n ń fẹ́ báyìí, ṣebí iṣẹ́ ti pọ̀ sí i. Ó ní, "Iṣẹ́ pọ̀. Ọwọ́ ni n ò fẹ́ kó pọ̀." Kò bínú. Ó fa ìwé mi yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. Iṣẹ́ èèyàn mẹ́sàn-án. Ìlà nídìí rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe ọwọ́ yín nìyí? Mo tiẹ̀ fi méjì sílẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí Adéníkẹ́ nìkan. Ó ní àwọn méjì tó dàgbà jù ló fi sílẹ̀, kí n wọlé lọ nawọ́ sí èyí tí yóò lọ dípò rẹ̀. Mo yọjú. Àgbà obìnrin méjì, wọ́n ń to èso. Wọ́n kí mi, wọ́n ní Olúwa á fi kún ọgbọ́n mi.

Mo padà sílé. Owó ọkọ̀ 6. Ó ku 3,494.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Ẹrẹ́nà

Adéníkẹ́ wá. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ti máa ń ṣe. Ó yọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan nínú ọ̀rá, ó gbé e sórí tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Kékeré. Kò tó ìkúùkù mi. "Ẹ jẹ ẹ́, Bùọ̀dá mi. Irú ẹ̀ ló wà."

Owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù, oṣù méjìlá: 4,680. Mo na gbogbo 3,494 sí i. Ó wò ó.

"Ọdún wo lẹ fẹ́ san níbẹ̀?"

Kò gbà á. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni.

N ò tíì la èso náà.

Gbèsè Adéníkẹ́, ọdún kan péré: ₦4,680.
Mo ti san: òdo.
Ó ku: ₦4,680.